Bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ATV: tuntun ni wọ́n fi sí i, ó tún ti ń mì

Arìnẹrẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. ATV 4x4 ni (ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń rin inú igbó àti ẹrẹ̀), ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bíárìn rẹ̀ ni (òrùka oníbọ́ọ̀lù tí táyà fi ń yí), àmọ́ ó tún ti ń kùn bí eré bá ti pọ̀ díẹ̀. Tí n bá gbé e sókè tí mo mi táyà, ó ń mì. Bíréèkì náà máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí n bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ló tó ń le. Bíárìn ibẹ̀ kì í ṣe méjì tó ní sípésà láàárín. Ẹyọ kan tó fẹ̀ ni, sákílíìpù (òrùka irin tó lanu, tí kì í jẹ́ kó jáde) ló dì í mú nínú nọ́kù (irin ńlá tó gbé bíárìn àti táyà dúró).

Kí ló ń pa bíárìn tuntun kíákíá báyìí? Tí mo bá sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é, báwo ni mo ṣe máa tú u, tí mo máa tò ó, tí kò fi ní tún rí bẹ́ẹ̀? Mi ò ní présì (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bíárìn wọlé).

Nọ́ọ̀tìLíle:

Ẹ kú wàhálà. Bíárìn tuntun kì í ṣàdédé kú. Ẹni tó tò ó ló sábà máa ń pa á. Bí kì í bá ṣe ẹni tó tò ó, omi ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bíárìn ló ń mì lóòótọ́, torí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so nọ́kù mọ́ apá tó gbé e) tó ti jẹ máa ń mi táyà bákan náà.

Ẹ gbé férémù lé orí sítáǹdì, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ yí i sí 2WD (kí ẹ́ńjìnnì má yí ẹsẹ̀ iwájú) kí táyà lè yí fàlàlà. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa tì í kẹ́ ẹ máa fà á, kí ẹlòmíì tan tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn dísíkì. Bí dísíkì bá ń mì tí nọ́kù dúró gbọin, bíárìn ni, tàbí nọ́ọ̀tì ṣáfútì (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó ti dẹ̀. Bí dísíkì àti nọ́kù bá jọ ń mì pọ̀, tí apá tó gbé wọn kò sì mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni kẹ́ ẹ bá wí. Bó bá jẹ́ ọ̀tún sí òsì nìkan ló ti ń mì, ẹ wo orí táìrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń darí táyà).

Èyí tó yá jù ni pé kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pinpin nígbà tẹ́ ẹ bá ń mi táyà. Bíréèkì á ti so họ́ọ̀bù (àárín tí wọ́n ń de táyà mọ́) pọ̀ mọ́ nọ́kù, torí náà bí mímì yẹn bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ bíárìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wá a síbòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí táyà: bíárìn tó ti jẹ á máa ta ọwọ́ yín jìgìjìgì gba ara sípíríǹgì, kódà bí etí yín kò bá gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì tẹ́ ẹ sọ bá bíárìn mu. Tí họ́ọ̀bù bá ń mì, dísíkì á máa ti páàdì sẹ́yìn, písítìnì kálípà (irin tó ń ti páàdì mọ́ dísíkì) á padà sínú, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á kàn máa gbé e padà síbi tó wà ni. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ máa fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì.

Ohun tí n óò kọ́kọ́ fura sí ni nọ́ọ̀tì ṣáfútì. Ọ̀pọ̀ bíárìn fífẹ̀ tó ní ìlà bọ́ọ̀lù méjì ni òrùka inú wọn pín sí méjì. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ń fún apá méjèèjì pọ̀ tí bọ́ọ̀lù fi ń rìn lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí kò bá le tó, apá méjèèjì á ya díẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa gun etí ọ̀nà, bíárìn á sì jẹ tán láìpẹ́ bó ti wù kó dára tó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́nikẹ́ni ti ATV kiri lórí táyà rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá wà ní dídẹ̀ tàbí tí ṣáfútì kò bá sí nínú bíárìn, ì báà jẹ́ láti ìta wọ inú gáréèjì lásán. Ẹ yọ sípílítì píìnì, kẹ́ ẹ fi sípánà tọ́ọ̀kù (èyí tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó) wò ó kẹ́ ẹ tó tú u.

GírísìLọ́wọ́:

Ohun tí Nọ́ọ̀tìLíle sọ nípa nọ́ọ̀tì, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n mú iṣẹ́ títú àti títò. Òfin kan ló gbé gbogbo rẹ̀: agbára tẹ́ ẹ fi ń ti bíárìn kò gbọdọ̀ gba àárín bọ́ọ̀lù kọjá. Tó bá jẹ́ pé òrùka òde ló fún nínú nọ́kù, òrùka òde ni kẹ́ ẹ tì. Tó bá jẹ́ pé òrùka inú lẹ fẹ́ kí họ́ọ̀bù wọ̀, òrùka inú ni kẹ́ ẹ fi nǹkan tì lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì lé òrùka inú tó fi òòlù gbá bíárìn wọlé ti tẹ ojú bọ́ọ̀lù mọ́ ọ̀nà rẹ̀. Kò ní hàn lójú. Táyà á yí dáadáa lọ́jọ́ náà, ó di ìgbà tó bá rìn díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín gan-an.

Kí táyà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dẹ nọ́ọ̀tì ṣáfútì, kẹ́ ẹ fa bíréèkì ìdúró, kẹ́ ẹ sì fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá gbé e sókè. Táyà kúrò, bóòtù kálípà méjèèjì kúrò, ẹ fi wáyà so kálípà mọ́ sípíríǹgì, kó má fi họ́ọ̀sì bíréèkì rọ̀. Ẹ fa họ́ọ̀bù jáde. Tó bá lẹ̀ mọ́ eyín ṣáfútì, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà títí ojú rẹ̀ fi bá orí ṣáfútì dọ́gba, kẹ́ ẹ wá fi òòlù rọ́bà gbá a díẹ̀díẹ̀. Òòlù irin lórí ṣáfútì lásán á pa tẹ́rẹ́ẹ̀dù.

Fún táìrọ́ọ̀dù, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ ojú ihò tó wọ̀ lára nọ́kù, á já fúnra rẹ̀. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo rọ́bà rẹ̀. Bóòtù tó di bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mú, ẹ yọ ọ́ tán pátápátá, torí inú ihà (ojú tí wọ́n gbẹ́ wọnú irin) kan lára ẹsẹ̀ jọ́ìntì ló gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá kàn dẹ̀ ẹ́, kò ní jáde. Nígbà tí nọ́kù bá jáde tán, ẹ so ṣáfútì sókè kó má fi ìwúwo ara rẹ̀ fa jọ́ìntì inú ya.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ ojú sákílíìpù kẹ́ ẹ tó fi pílíásì kàn án. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń há nìyí: ó ti dógùn-ún mọ́ ihà rẹ̀, etí rẹ̀ á sì kán. Ẹ fi epo ìtú-ìpata sí i kó sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi pọ́ńsì gbá a yíká kó lè já, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ awò ààbò kẹ́ ẹ tó fún un. Apá ibi tí sákílíìpù wà nìkan ni bíárìn lè gbà jáde, èjìká irin wà lódì kejì.

Ẹ gbé nọ́kù lé orí igi méjì, kí ojú sákílíìpù kọjú sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná mú un gbóná tó 100 °C. Omi tẹ́ ẹ bá kán sí i á máa ta ṣàà. Bíárìn yìí ti kú, torí náà ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ ti gbá a. Nígbà míì inú á jáde, òrùka òde á kù sẹ́yìn. Ẹ fi gíráńdà kékeré la ojú kan lára rẹ̀ díẹ̀ kó má dé ara nọ́kù, kẹ́ ẹ wá fi ṣísẹ́lì gbá ojú ibẹ̀, á là. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì lè jó ìlà kan yíká inú òrùka náà. Bó bá ti tutù, á sún kì, á sì já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ fi sànpépà 400 nu ihò náà, kẹ́ ẹ má fá a. Ẹ fi nǹkan ṣóńṣó họ gbogbo ihà sákílíìpù, nítorí ìpata díẹ̀ níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí sákílíìpù jókòó tán.

Fún ẹni tí kò ní présì, iná àti yìnyín ló ń ṣiṣẹ́ présì. Ẹ fi nylon wé bíárìn tuntun, kó sùn inú fírísà. Ẹ mú nọ́kù gbóná dé 100 °C. Bí nọ́kù bá jẹ́ alumíníọ́mù tí ihò rẹ̀ sì jẹ́ 62 mm, gbígbóná tó fi 80 °C lé yẹn á fẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 0.11 mm. Bíárìn tó ti inú fírísà −18 °C bọ̀ á ti sún kì ní nǹkan bí 0.03 mm. Àpapọ̀ rẹ̀ ju ohun tó fi ń fún lọ, bíárìn á sì já wọlé lọ́wọ́ yín. Tí nọ́kù bá jẹ́ irin dídà, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì ìyẹn lọ, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi nǹkan tì í parí. Ẹ má mú bíárìn fúnra rẹ̀ gbóná o, síìlì rọ́bà rẹ̀ kò fẹ́ iná.

Gbogbo nǹkan ni kẹ́ ẹ tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bíárìn á fa ooru nọ́kù sára láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ibi tó bá sì dé ló máa há sí. Tó bá wọlé ní wíwọ́, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá fi òòlù tọ́ ọ ti ha ihò náà nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa fi tì í ni òrùka òde bíárìn àtijọ́: ẹ fi gíráńdà dín ẹ̀yìn rẹ̀ kù díẹ̀, kẹ́ ẹ la ojú kan kó má baà há sínú. Irin gbọọrọ tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dù, M16, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì àti wọ́ṣà ńlá tó nípọn, á fà á wọlé ní títọ́ ju òòlù lọ. Ẹ máa fà á títí nọ́ọ̀tì á fi le lójijì tí ihà sákílíìpù á sì yọ sílẹ̀ gedegbe.

Sákílíìpù ní ojú méjì: ọ̀kan yípo díẹ̀ létí, èkejì mú. Ojú tó mú ni kó kọjú síta. Ẹ fi pílíásì yí i nínú ihà rẹ̀; tí kò bá yí fàlàlà, kò tíì jókòó.

Bí họ́ọ̀bù yín bá jẹ́ èyí tó ń wọnú bíárìn, ẹ fi páìpù ti òrùka inú lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fà á wọlé. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀tì. Ìwọ̀n tọ́ọ̀kù yàtọ̀ gan-an láti ATV kan sí òmíràn, ìwé ATV tiyín ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni. Tí ihò píìnì kò bá ṣe déédéé, ẹ fún un sí i díẹ̀. Ẹ má dẹ̀ ẹ́ padà láé. Píìnì tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Bó bá sì jẹ́ oníwọ́ṣà méjì tó rí bí àwo, ikùn tó yọ ni kó kọjú sí nọ́ọ̀tì fún méjèèjì. Ẹni tó bá kọ wọ́n lójú síra á rò pé tọ́ọ̀kù ti pé, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ò-bómi-jà:

Ẹ̀gbọ́n GírísìLọ́wọ́ ti parí títò. Ẹ jẹ́ n sọ ti omi, torí bíárìn tẹ́ ẹ tò dáadáa náà á kú tí omi bá ń wọ̀ ọ́.

Bíárìn máa ń gbóná tí ATV bá ń sáré. Tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ wọ odò lẹ́sẹ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ inú bíárìn á sún kì lójijì, á sì fa omi gba etí síìlì wọlé. Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ omi jíjìn. Ẹ̀rọ ìfọmọ́tò tó ń tu omi pẹ̀lú agbára tún burú ju odò lọ. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí àárín họ́ọ̀bù láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn.

Tẹ́ ẹ bá ń ra bíárìn, 2RS ni kó wà lẹ́yìn nọ́ńbà, ìyẹn rọ́bà lápá méjèèjì. ZZ jẹ́ irin pẹlẹbẹ lásán, eruku ló ń dí, kì í dí omi. Nọ́ńbà bíárìn ìlà kan kò le kà: nínú 6205, ẹ sọ 05 di ìlọ́po 5, ihò rẹ̀ jẹ́ 25 mm, òde rẹ̀ 52, fífẹ̀ 15. Láti 04 sókè ni ìṣirò yẹn ti ń bá a mu. 00, 01, 02 àti 03 jẹ́ 10, 12, 15 àti 17 mm. Ti oníìlà méjì bíi tiyín, ẹ fi fáníà (irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké) wọn ihò, òde àti fífẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bíárìn. Bíárìn kan náà ni wọ́n máa ń fi sínú páálí olórúkọ ATV tí wọ́n á wá fowó lé e.

Èmi á máa fi abẹ́rẹ́ gbé síìlì sókè láti apá òrùka inú, kí n fi gírísì tí omi kì í ṣàn kún un kó tó wọ nọ́kù. Gírísì tó ń bá a wá láti ilé iṣẹ́ kì í ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú rẹ̀ lọ, torí eré púpọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Táyà ATV kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, ó lè gba ju ìyẹn lọ.

GírísìLọ́wọ́:

Mo gbà fún ìlà kan tó ní síìlì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Fún oníìlà méjì tí síìlì rẹ̀ ní irin nínú, n ò gbà. Ó rọrùn láti tẹ̀, tó bá sì ti tẹ̀, kò ní jókòó mọ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún omi tẹ́ ẹ ń sá fún nìyẹn. Gírísì náà kò sì jẹ́ ọ̀kan: tó bá jẹ́ polyurea ló wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ fi ti lithium kún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àdàlù wọn máa ń yọ́ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sí i, kó fọ ti àtijọ́ kúrò tán ná.

Arìnẹrẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti tú u. Nọ́ọ̀tì kò le tó bí ìwé ṣe wí. Ṣùgbọ́n nǹkan míì tún wà: bí mo ṣe yọ sákílíìpù báyìí, ọwọ́ lásán ni mo fi fa bíárìn jáde, n ò lo iná rárá. Inú nọ́kù ń dán bíi dígí. Bíárìn tuntun tí mo rà náà ń wọlé tó ń jáde láìfún. Ṣé kí n fi pọ́ńsì ta ojú rẹ̀ káàkiri kó lè dì í mú?

Nọ́ọ̀tìLíle:

Rárá o. Àwọn ojú tí pọ́ńsì gbé sókè yẹn nìkan ni á di bíárìn mú, wọn á sì tẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n tún lè sọ òrùka òde di ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ tí bọ́ọ̀lù á fi máa há. Ẹ má gé agolo fi há a pẹ̀lú.

Dídán yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ náà: òrùka òde ti ń yí nínú nọ́kù, ó ti lọ ihò náà fẹ̀. Ẹ wọn ihò ní ojú mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ fi wé òde bíárìn. Tí ìyàtọ̀ kò bá tó 0.1 mm, gọ́ọ̀mù ìdìmú bíárìn á ṣe é. Loctite 641 ni wọ́n ṣe fún bíárìn tí wọ́n lè tún fẹ́ tú lọ́jọ́ iwájú. 638 ń dí àyè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le tú gan-an. Ẹ fọ gírísì kúrò lára méjèèjì títí á fi gbẹ táútáú, ẹ kùn ún tẹ́ẹ́rẹ́ sínú nọ́kù, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kan síìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má lo iná tàbí fírísà: omi á lé bíárìn tó tutù, gọ́ọ̀mù kò sì ní mú. Ẹ fi sákílíìpù sí i, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fi táyà kàn án nílẹ̀.

Tí ìyàtọ̀ bá ju 0.1 lọ, tàbí tí ihò bá ti rí bí ẹyin, ẹ ra nọ́kù míì tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún onílẹ́ẹ̀tì kó fi bọ́ọ̀ṣì sí i.

Ẹ wo bóyá wọ́n fi sípésà sáàárín táyà àti họ́ọ̀bù náà. Tó bá wà, tàbí tí rímù bá jẹ́ èyí tó yọ síta, ìwúwo á máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bíárìn dípò àárín rẹ̀, ìlà bọ́ọ̀lù kan á sì máa ru ẹrù méjì.

ẸsẹÌkẹ́yìn:

Fún ẹni tó bá ń ka èyí nítorí ẹ̀yìn: ATV tó ní ṣáfútì ẹ̀yìn kan gbọọrọ kì í sábà lo bíárìn oníìlà méjì. Ìlà kan méjì ló sábà máa ń lò, bíi 6008-2RS, 40 × 68 × 15 mm, sípésà sì wà láàárín wọn. Láti yọ wọ́n, ẹ ti sípésà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí etí òrùka inú á fi yọ, kẹ́ ẹ fi pọ́ńsì gígùn gbá a, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ojú kó má há. Tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ti àkọ́kọ́ á wọlé kan èjìká. Ẹ fi sípésà sí i (ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì), kí ti èkejì wá wọlé títí òrùka inú rẹ̀ á fi kan sípésà, kó dúró níbẹ̀. Ẹ máa fi ìka mi sípésà bẹ́ ẹ ṣe ń tì í: tó bá ṣì ń jó, kò tíì dé, tó bá ṣeé sún pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó ti pé, tí kò bá mì rárá, ẹ ti tì í kọjá, bọ́ọ̀lù méjèèjì ti ń ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á sì gbóná pa síìlì.

Arìnẹrẹ̀:

Mo wọn ihò náà, 0.06 mm ni ìyàtọ̀. 641 ni n óò lo. Kò sí sípésà lára táyà. Tí mo bá ti tò ó tán, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dára kí n tó gbé e lọ jìnnà?

GírísìLọ́wọ́:

Ẹ yí họ́ọ̀bù pẹ̀lú ọwọ́ kẹ́ ẹ tó dá kálípà padà. Kó lọ mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀. Síìlì tuntun á fà á díẹ̀, ìyẹn kò burú, àmọ́ kò gbọdọ̀ ta ọwọ́ yín. Nígbà tí kálípà bá wà níbẹ̀ tán, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan kó le kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ wà á díẹ̀ láìwọ omi, láìlo bíréèkì púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kan nọ́kù òsì àti ọ̀tún. Tí òsì bá gbóná ju ọ̀tún lọ dáadáa, ẹ tú u wò. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ tún fi sípánà tọ́ọ̀kù kan nọ́ọ̀tì táyà, kẹ́ ẹ dì í ní ìdábùú síra, kẹ́ ẹ sì tún mi táyà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gidi àkọ́kọ́.